Ta Ló Lé Ọmọbìnrin Kúrò Nídìí Ìlù?



Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ Canadian Women & Sport gbé ìwádìí jáde ní Kánádà níbí: 1 nínú ọmọbìnrin 3 ń fi eré ìdárayá sílẹ̀ kí ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ tó parí. Ti ọmọkùnrin, 1 péré nínú 10 ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti wọlé tiwa náà. Ní kíláàsì wa ní Toronto, gbogbo àwọn kékeré ló jọ ń lùlù. Tí wọ́n bá ti tó ọmọ ọdún 12, a ó ní kí ọmọbìnrin lọ bó ẹ̀wà. Èmi náà ti ṣe é rí. Lẹ́yìn náà la ó máa bèèrè pé kí ló dé tí kò wá mọ́.

Ìlù tí a bọ ní èèwọ̀ tirẹ̀. N ò ní ká rú u. Ṣùgbọ́n ìlù tí a fi ń kọ́ ọmọ ńkọ́? Ní Òṣogbo, ọmọbìnrin ni Arugbá tó ń ru igbá Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, gbogbo ìlú á sì tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí ọmọbìnrin lùlù, kí ọmọkùnrin náà bó ẹ̀wà. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Àṣẹ.