Iyùn tí a Yan ní Ófùnù: Lẹ́tà Gbangba sí Ẹ̀yin Olùkọ́ Ìlẹ̀kẹ̀ Amọ̀ Polymer

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ ń fi amọ̀ polymer ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tó jọ òkúta iyebíye,

Láti Penbrooke Meadows ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ní ìlà-oòrùn Calgary, níbi tí ẹni tó ń wá gàrí àti èlùbọ́ kì í ti í rìn jìnnà sí 17 Avenue SE kó tó rí i rà. Ìgbà òtútù gùn níbí. Ọ̀pọ̀ obìnrin wa ló ti rí i pé iṣẹ́ tí a lè jókòó ṣe lórí tábìlì ìdáná ló máa ń pa owó díẹ̀ wọlé, tó sì máa ń lé ìrònú lọ. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ wọn dára, n kò bá a jà. Ọ̀nà tí ẹ gbà ń kọ́ ọ ni mo bá wá.

Gbólóhùn kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu yín, ní kíláàsì àti nínú fídíò: “Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.” Tí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti jáde nínú ófùnù tó ń dán, ẹ ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyùn gidi, ẹ ó ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá mú ojúlówó. Wọ́n á ṣì í mú, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, ẹ ó sì wí pé iṣẹ́ ti yege. Bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lè tan ojú jẹ tó wá di ohun tí ẹ fi ń wọn ọgbọ́n ọwọ́ ẹni tó ṣe é. Ẹni tí a bá kọ́ báyìí, kí ni ẹ rò pé yóò dáhùn lọ́jọ́ tí oníbàárà bá bi í pé, “Ṣé iyùn ni?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ẹni tí kò rí i rí lè mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Amọ̀ polymer kì í ṣe amọ̀ etídò. Ike ni. PVC, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, ni wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n wá fi èròjà tó ń mú ike rọ̀ pò títí yóò fi ṣeé tẹ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì. Ẹni tó fẹ́ ṣe iyùn á mú pupa, á bu àwọ̀ ọsàn díẹ̀ sí i, á wá fi èyí tí kò ní àwọ̀ là á kí pupa náà má baà le jù. Á yí i gbọọrọ lórí gíláàsì, á gé e wẹ́wẹ́, kò sì ní jẹ́ kí gígùn wọn dọ́gba, nítorí iyùn gidi kì í dọ́gba. Á fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, á tẹ ihò wínníwínní sí i níhìn-ín lọ́hùn-ún bíi pé kòkòrò òkun ló jẹ ẹ́. Lẹ́yìn yíyan, á fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kùn ún, á nù ún kíá kí ọ̀dà náà lè kù sínú ìlà nìkan. Ó wá kan sáńpépà: 400, 600, 1000, nínú omi, kí eruku ike má baà wọ imú. Àjákù jíńsì ni wọ́n fi máa ń ra á kẹ́yìn títí yóò fi dán.

Ẹni tó bá ṣe gbogbo èyí láṣeyọrí, ọlọ́wọ́ iṣẹ́ ni. Kí ló wá dé tí ẹ ń kọ́ ọ láti fi iṣẹ́ ara rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ orúkọ iyùn?

Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fifi Rehbinder, obìnrin ará Jámánì tó ń ṣe bèbí, ló ti ń lo irú amọ̀ yìí láti òpin àwọn ọdún 1930. Ilé-iṣẹ́ Eberhard Faber gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1964, òun náà ni a mọ̀ sí Fimo lónìí. Ní Amẹ́ríkà, Tory Hughes wà lára àwọn tó kọ́ ayé bí a ṣe ń fi í ṣe àfijọ eyín erin, jéèdì àti tọ́kọ́ìsì. Nígbà tó gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 2002, Polymer: The Chameleon Clay ló pè é. Orúkọ amọ̀ náà gan-an ló gbé síwájú. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ òkúta débi pé ó ń yani lẹ́nu, ṣùgbọ́n amọ̀ ló pè é.

Ní tiwa, ìyá kan ládùúgbò yìí ra odindi ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ti ọwọ́ àti ti etí fún ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Iyùn ni wọ́n pè é fún un, owó iyùn ló sì san. Ìnáwó lọ, ó dùn, a jẹ, a mu. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọmọ náà fẹ́ tún ìlẹ̀kẹ̀ sin, ọ̀kan ṣẹ́ sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì funfun báláú níbi tó ti tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Iyùn kì í tẹ̀. Nígbà tí ìyá pe ẹni tó tà á fún un, èsì tó gbà ni pé, “Ẹ̀yin náà ò ṣáà mọ̀ títí di òní.” N kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó fi ojú ẹ̀kọ́ yín hàn jùyẹn lọ.

Àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pé ìlẹ̀kẹ̀ àfijọ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òótọ́ ni, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ dáadáa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Abidemi Babalola àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti walẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tí wọ́n hú jáde lé ní 12,000, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ gíláàsì. Láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15 ni iṣẹ́ náà gbóná. Àwọn baba wa kò gbẹ́ òkúta kí wọ́n tó ní ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró. Iná ni wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀ ta ló pe sègi, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì aláwọ̀ aró yìí, ní ayédèrú? Sègi ń jẹ́ sègi, ọba dé e, olówó so ó mọ́rùn. Ẹ wo àwọn ará Krobo ní Gánà pẹ̀lú. Wọ́n ń gún ìgò tó fọ́, wọ́n ń dà á sínú abọ́ amọ̀, wọ́n ń fi sínú iná, wọ́n sì ń tà á ní gíláàsì tó jẹ́. Àwọn àlejò ń wá láti ọ̀nà jíjìn wá rà á.

Apá kejì ìtàn náà kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ní Ìlọrin, àwọn ọlọ́wọ́ iṣẹ́ wà nígbà kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ gé òkúta pupa tí à ń pè ní lántànà, tí wọ́n ń lu ihò sí i, tí wọ́n ń dán an. Láti Ọ̀yọ́-Ilé ni iṣẹ́ náà ti bá wọn dé. Nígbà tó yá, òkúta tí wọ́n gé ní Idar-Oberstein ní Jámánì àti gíláàsì tí wọ́n rọ ní Jablonec, nílẹ̀ tí à ń pè ní Czech lónìí, ya wọ ọjà Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀rọ kì í rẹ̀, ọjà tó bá pọ̀ kì í wọ́n. Nínú ọ̀rúndún 20 ni iṣẹ́ lántànà kú. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n sì ń pè ní áńbà nílẹ̀ Áfíríkà títí dòní, ike tí wọ́n dà ní Yúróòpù ni. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé apá yìí nínú ìtàn náà la ó jogún.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi kún ẹ̀kọ́ yín kò le. Ẹ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín bí a ṣe ń dá ojúlówó mọ̀. Iyùn òkun Mẹditaréníà, irú èyí tí wọ́n ti ń gbẹ́ ní Torre del Greco ní Ítálì láti ọjọ́ pípẹ́, máa ń tutù bí a bá kọ́kọ́ gbé e ka ọrùn. Ní oṣù January ní Calgary, á jẹ́ kí èèyàn ta gìrì. Ó wúwo. Ike polymer fúyẹ́, kì í sì í tutù bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ẹnu ihò pẹ̀lú: lílù ni wọ́n lu ti iyùn, etí rẹ̀ á mú, ti polymer tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún nígbà tó ṣì rọ̀ sábà máa ń ní ètè rogodo. Ẹ gbé sègi àtijọ́ sí ojú oòrùn, àwọ̀ mìíràn lè yọ láti inú rẹ̀. Amọ̀ polymer kì í sábà ṣe ìyẹn.

Ẹ sì dẹ́kun fífi ọ̀rọ̀ ófùnù ṣeré. Fimo ń fẹ́ 110°C, Premo, irú amọ̀ polymer mìíràn, ń fẹ́ nǹkan bíi 135°C, ara páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ófùnù ilé ayálégbé kì í sọ òótọ́. Tẹ̀mómítà kékeré tí a gbé sínú rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí iná bá kéré, ìlẹ̀kẹ̀ á máa ṣẹ́. Bí ó bá pọ̀ jù tó sì jó, èéfín hydrogen chloride ni PVC ń tú jáde, nínú ilé tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ wà ní títì nítorí òtútù, tí ọmọ kékeré sì ń sùn ní yàrá kejì. Mo ti wo fídíò yín tó pọ̀, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo rí i tí ẹ mẹ́nu ba èyí.

Ti òfin kò gùn. Competition Act ti Kánádà kò fàyè gba kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ tó ń ṣini lọ́nà ta ọjà, tábìlì ìdáná kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Àwọn àgbà ní a kì í ní ìdí ọmọ ẹni ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Tọ́kọ́ìsì àti jéèdì ni ẹ ń kọ́ wọn ṣáá, òkúta tí ìyá wa kò so rí. Ta ni nínú yín tó ti gbìyànjú lántànà? Lágídígba ńkọ́, dúdú minijọ, tí wọ́n ń fi èèpo èkùrọ́ ṣe? Ẹ fi amọ̀ yín ṣe ìwọ̀nyí kí ọmọ tí wọ́n bí sí Calgary lè mọ̀ wọ́n lójú.

Tí ẹ bá sì ṣe é tán, ẹ bá mi kọ ọ́ sára páálí kékeré tí ẹ fi ń so ó, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì: “Àfijọ iyùn, amọ̀ polymer ni, ọwọ́ ló ṣe é.” Ẹ jẹ́ kí kíláàsì tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìyá tó ra èyí tó ṣẹ́ ṣì ń retí owó rẹ̀. Kí ẹni tó tà á dá a padà fún un.