Ìbejì Ẹ̀rọ àti Àmánà Àtúnṣe

Ní oṣù Kẹta ọdún 2016, iná jó ilé ìtajà tí ó ju 3,000 lọ ní ọjà Sabon Gari, Kano. Lẹ́yìn náà ni REA, àjọ ìjọba àpapọ̀, mú ètò iná oòrùn wọ ọjà náà. Bí irú iná bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, tí atúnnáṣe kò mọ ibi tí wáyà gbà, wákàtí mélòó ni yóò fi wá a?

Ọgbọ́n kan wà tí a lè pè ní ìbejì ẹ̀rọ. Wọn a ya ẹ̀rọ sínú kọ̀ǹpútà, wọn a sì fi ohun tí ń wọn ooru àti agbára iná sára ẹ̀rọ gan-an. Bí ẹ̀rọ ti ń yí padà ni ìbejì rẹ̀ ń yí padà. Kí atúnnáṣe tó jáde nílé, ó ti mọ ohun tí ó bàjẹ́ àti irinṣẹ́ tí yóò mú dání.

Ṣùgbọ́n ìbejì tí a parọ́ fún, irọ́ ni yóò pa fún ẹlòmíràn. Ẹni tí ó pààrọ̀ wáyà tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ ti fi ẹ̀mí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn sínú ewu. Ọlọ́hun pa á láṣẹ nínú Súrátùl Bákárà, áyà 282, pé kí a máa kọ gbèsè sílẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ iná, ẹ máa kọ iṣẹ́ yín sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe inú ìwé pélébé. Àmánà ni.