Nígbà Tí Àpò Ìtọ̀ Kò Ní Sùúrù

Ẹni tó ń gbé Ìṣẹrí Olówóra tó sì ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó mọ ìrìn-àjò náà dáadáa. Ìdájí ni a ti ń jáde lọ sí Bẹ́gà láti wọ dánfó, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ á sì dá wa dúró lórí afárá Third Mainland tó gùn ju kìlómítà 10 lọ. Kò sí ibi tí ènìyàn lè sọ̀ kalẹ̀ sí níbẹ̀.

Obìnrin kan ládùúgbò wa, tí kò tí ì pé ọmọ 30 ọdún, kì í fẹnu kan omi kó tó dé ibi iṣẹ́ nítorí afárá yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti ra oògùn apakòkòrò ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́místì, nítorí gbogbo ohun tó bá ti kan ìtọ̀ obìnrin ni wọ́n ń pè ní "tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kíṣọ̀n" lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, kò sí kòkòrò nínú ìtọ̀ rẹ̀, kò sì ní àtọ̀gbẹ. Àpò ìtọ̀ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ láṣejù.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé oògùn tiẹ̀ wà fún un?"

Ó wà. Iṣan ni ó yí àpò ìtọ̀ ká. Ó yẹ kí iṣan yìí dẹ̀ títí àpò yóò fi gba nǹkan bíi mìlílítà 400, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń fún pọ̀ kí àpò tó kún. Èròjà inú ara kan, acetylcholine, ló ń gbé àṣẹ fífún pọ̀ náà wá. Oxybutynin, tolterodine àti solifenacin ń dí ojú ibi tí àṣẹ náà ń gbà wọlé. Ti mirabegron, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2012, yàtọ̀: òun ń mú kí iṣan náà dẹ̀. Kò sí èyí tó ń gbẹ ìtọ̀ nínú wọn. Àkókò ni wọ́n ń rà fún ènìyàn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 kí a tó mọ̀ bóyá wọ́n bá ara mu.

Acetylcholine yìí kan náà ló ń mú itọ́ sun lẹ́nu, tó sì ń mú ìfun ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí oògùn àkọ́kọ́ wọ̀nyí fi ń mú ẹnu gbẹ, tí wọ́n sì ń mú ìgbẹ́ le. (Ẹni tí ẹnu rẹ̀ gbẹ á tún máa wá píọ̀ wọ́tà kiri!) Wọ́n lè da iyè àgbàlagbà rú, nítorí náà ẹ má ṣe fún màmá yín lára tiyín. Mirabegron lè mú ẹ̀jẹ̀ ru sí i. Ẹ yẹ ìfúnpá wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Dókítà sì gbọ́dọ̀ mọ̀ bí ẹ bá ní gíláúkómà.

Lójú tèmi, ohun tí kò gba owó ló yẹ kó ṣáájú, kí oògùn sì wá kún un: kí a máa fi ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ kún àlàfo tó wà láàárín ìtọ̀ kan sí èkejì, kí a máa fún iṣan ìsàlẹ̀ ara pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kí a sì dín kọfí kù. Àìmu omi kò ràn án lọ́wọ́, nítorí ìtọ̀ tó ki máa ń ta àpò náà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, tàbí tí ìtọ̀ kò bá jáde dáadáa, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ tètè lọ sílé ìwòsàn; LASUTH ní Ìkẹjà ní àwọn dókítà tó mọ̀ nípa ọ̀nà ìtọ̀.