Ẹ Yé Fi NEPA Ṣe Àwáwí

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́. Kí èèyàn tó dárúkọ alùpùpù oníná tán ní Ìgbẹsà, ẹnìkan á ti bú sẹ́rìn-ín: "Ní Nàìjíríà yìí? Níbi tí kò ti sí iná?" Ó parí nìyẹn. Kò ṣírò, kò béèrè bí iná tí nǹkan náà ń jẹ ṣe pọ̀ tó. Á kó sínú mọ́tò rẹ̀, òun nìkan ṣoṣo, ó di Àgbárá, á tún dá nìkan wà á bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ká má purọ́, iná ń lọ, àwọn àdúgbò kan sì wà tí wọn kì í rí i fún ọjọ́ mélòó kan. Ibi tí òótọ́ inú ọ̀rọ̀ yẹn mọ nìyẹn.

Ìṣirò tí wọn ò fẹ́ ṣe rèé. Alùpùpù oníná kì í sábà jẹ tó yúnìítì iná kan lórí ogún kìlómítà. Yúnìítì kan náà ni áyọ́ọ̀nù oníwáàtì ẹgbẹ̀rún ń jẹ ní wákàtí kan. Ẹni tó bá rí iná lọ aṣọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ Àìkú ti rí èyí tó lè gbé e dé ibi iṣẹ́ kó sì gbé e padà wálé, bí àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ kò bá ju ogún kìlómítà lọ. Kódà ní Band A, ìpele tí owó iná ti wọ́n jù, níbi tí wọ́n gbé yúnìítì lọ sí ₦225 ní April 2024, àlọ àti àbọ̀ yẹn kò ní ju ₦225 lọ. Nǹkan bíi lítà méjì ni mọ́tò kékeré máa mu lójú ọ̀nà kan náà, epo tí kò sì tó ₦200 ní lítà kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ ní May 2023 ti fo ₦1,000 kọjá ní ọ̀pọ̀ ilé epo kí 2024 tó parí. Kò sí àdììtú ńbẹ̀. Irin tó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ là ń wọ́ kiri nítorí èèyàn kan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń sọ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára epo di ooru lásán. Ẹ wò ó nígbà tí gósíló bá ká a mọ́ oríta Lúsàdà: tírélà níwájú, dáńfó lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà ò yí, éèsì ń fẹ́, abẹ́rẹ́ epo ń sọ̀ kalẹ̀. Bí alùpùpù oníná bá dúró, ẹ̀rọ rẹ̀ dúró nìyẹn, kò jẹ nǹkan kan.

Ká tiẹ̀ sọ pé NEPA ò ní mú iná wá mọ́ títí ayé. Àwọn tó ń pariwo pé iná ò sí wọ̀nyí, jẹnẹrétọ̀ wọn ló ń dún lẹ́yìnkùlé bí wọ́n ṣe ń pariwo. Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ tó rí iṣẹ́ ṣe dáadáa á fúnni ní nǹkan bíi yúnìítì kan, èyí tó máa gbé alùpùpù kọjá ogún kìlómítà. Ẹ da lítà yẹn sínú mọ́tò, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wa yìí, bóyá lẹ máa rí mẹ́wàá sí méjìlá. Epo kan náà, láti ilé epo kan náà! Ẹni tí kò rí iná rárá gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ ta mọ́tò rẹ̀. Àbí ta ló tiẹ̀ ní kò sí iná ní Ìgbẹsà? Ogun-Guangdong Free Trade Zone wà lórí ilẹ̀ wa, àwọn tó ń yan séráámíkì níbẹ̀ kì í dúró de NEPA. Gáàsì ń gba inú páìpù wọ àwọn ilé-iṣẹ́ Àgbárá àti Ọ̀tà, tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Bátìrì ọ̀pọ̀ alùpùpù wọ̀nyí ṣeé yọ. Òṣìṣẹ́ á gbé e wọlé láàárọ̀, á ti kún kí iṣẹ́ tó parí.

Wọ́n á ní bó bá wá kú sọ́nà ńkọ́? Ẹ lọ bi àwọn ọlọ́kadà Kútọnu àti Lomé, àwọn tí wọ́n ń pè ní zémidjan, tó ń gun alùpùpù oníná Spiro. Bí bátìrì bá ti ń tán lọ, wọ́n á yà sí ibùdó, wọ́n á já èyí tó ti rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á ki èyí tó kún bọ ibẹ̀, wọ́n ti lọ. Bẹ́ẹ̀, Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ta iná fún Benin àti Togo! A tà á fún aládùúgbò, aládùúgbò ń fi gun ọ̀kadà, àwa tó tà á jókòó, à ń sọ pé kò sí iná.

Òjò? Òjò ò tíì lé ọlọ́kadà kúrò ní Lúsàdà rí. Ẹ ra aṣọ òjò. Iyì? Ẹni tí iyì rẹ̀ bá wà lára kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, kó máa ra epo fún iyì náà. Lóòótọ́ ni bátìrì wọ́n, àmọ́ ẹ ro owó epo, ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti mẹkáníìkì ọdún kan pọ̀ kẹ́ ẹ tó lanu. Tírélà ọ̀nà Àgbárá sí Àtàn nìkan ni mo gbà pé ó tó ọ̀rọ̀ í sọ: ẹ dé akoto, ẹ má rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyẹn náà kò kan NEPA.

Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ fi alùpùpù kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lọ síbi ìnáwó ní Abẹ́òkúta. Ẹ wa mọ́tò lọ́jọ́ náà. Ti ojoojúmọ́ là ń wí. Kí àwọn ilé-iṣẹ́ fa wáyà dé ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn, kí wọ́n kan sọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá mọ́ ògiri níbẹ̀. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì wá ilẹ̀ fún ibùdó tí wọ́n á ti máa pàrọ̀ bátìrì, ọ̀kan ní Lúsàdà, ọ̀kan ní Àgbárá.