Ǹjẹ́ Òòfà Lè Ba Káàdì Báńkì Jẹ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbàgbọ́ pé òòfà kékeré tí ó wà lẹ́nu àpò ìfàlọ́wọ́, tàbí èyí tí ó wà lára àpò fóònù, a máa ba káàdì báńkì jẹ́. Bí ẹ̀rọ tí ń sanwó bá kọ káàdì lójú ọjà, òòfà ni wọn yóò di ẹ̀bi rù. Ìgbàgbọ́ yìí kì í ṣe irọ́ pátápátá, ṣùgbọ́n ó ti gbó. Ewu tí ó wà nínú rẹ̀ nísinsìnyí kì í ṣe ti òòfà mọ́.

Bí ènìyàn bá yí ẹ̀yìn káàdì sókè, yóò rí ọ̀já dúdú kan tí ó nà gbọọrọ láti etí kan dé èkejì. Àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ lẹ irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ mọ́ káàdì láàrin ọdún 1960 sí 1969. Lúbúlúbú irin ni ó wà nínú rẹ̀. Bí òòfà ti tò ó ni ó ń sọ nọ́ńbà káàdì fún ẹ̀rọ. Òòfà náà ni ó sì lè tú ètò náà ká, bí agbára rẹ̀ bá tó bẹ́ẹ̀.

Níbi agbára yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Oersted ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn ìfaradà ọ̀já. Ti ọ̀já tí kò lágbára, irú èyí tí ó wà lára káàdì tí ń ṣí yàrá òtẹ́ẹ̀lì, kò ju nǹkan bí 300 lọ. Ti ọ̀já líle tí ó wọ́pọ̀ lára káàdì báńkì tó 2,750 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òòfà pẹlẹbẹ bíi rọ́bà tí ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì, agbára tirẹ̀ kò ju nǹkan bí 100 lọ: eṣinṣin ni ó ń bá erin jà. Lóòótọ́, òòfà neodymium tí ó wà lára àpò fóònù mìíràn le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì lè pa ọ̀já lára bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn tààrà. Ti ẹ̀rọ MRI tí ń ya àwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn kì í ṣe eré rárá. Kí ènìyàn fi káàdì sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé.

Síbẹ̀, ojú káàdì ni iṣẹ́ wà lónìí, lára ègé kékeré tí ń dán bíi wúrà. Agbára iná mànàmáná ni ègé yìí fi ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, òòfà inú ilé kò sì rí i gbé ṣe. Òun ni ẹ̀rọ ìsanwó ń kà ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ Mastercard tilẹ̀ kéde ní 2021 pé nígbà tí yóò bá fi di 2033, kò ní sí ọ̀já dúdú lára káàdì rẹ̀ kankan mọ́. Ohun tí ń pa ègé náà lára ni kí ènìyàn máa jókòó lé káàdì nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò títí yóò fi tẹ̀, tàbí kí ó máa fi ọwọ́ elépo dì í mú. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, káàdì kò ṣe nǹkan kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì báńkì ni kò dára.

Ẹni tí kò mọ èyí ni alábòsí ń dúró dè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. "Màmá, òòfà ti ba káàdì yín jẹ́. Ẹ mú un wá kí n bá yín nù ún." Màmá yóò fi lé e lọ́wọ́, yóò sì ka nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sókè. Káàdì tí alábòsí yóò dá padà, àwọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n orúkọ ẹlòmíràn ni ó wà lára rẹ̀.