Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́sẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ eré lójú àgbà. Ọ̀rọ̀ ilé ọmọláńgidi ni. Ṣùgbọ́n ó ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ìpàdé wa lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kan tilẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ ná kọ́bọ̀ lé e lórí mọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ó yẹ kí a sọ ọ́ ní gbangba, kí olúkúlùkù lè mọ ohun tí a ń ṣe àti ìdí tí a fi ń ṣe é.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹgbẹ́ ní ọmọ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ náà fi páálí kan ránṣẹ́ sí kíláàsì Yorùbá tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ wa lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tí a tú páálí náà, ilé ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ ni. Pákó pẹlẹbẹ tó lé ní 100 ni, ẹ̀rọ ti gé wọn tán, ìwé kan sì wà níbẹ̀ tó ń sọ èyí tí a ó kọ́kọ́ tò àti èyí tí yóò tẹ̀lé e. Àwọn ọmọ ni yóò kọ́ ọ, àwọn ni yóò kùn ún, àwọn náà ni yóò ṣe ohun ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ohun ọmọdé lásán ni. Àwọn aláwọ̀ funfun ti ń ṣe irú ilé yìí tipẹ́, àgbà ló sì kọ́kọ́ ni ín. Ní 1558, Albrecht Karùn-ún, olórí ilẹ̀ Bavaria ní Jámánì, ní ọ̀kan, àfihàn ọlá rẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Holland, obìnrin olówó kan tó ń jẹ́ Petronella Oortman bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1686, kò sì parí rẹ̀ títí di 1710. Owó tó ná sórí ilé kékeré náà tó owó tí èèyàn fi lè ra ilé gidi ní Amsterdam nígbà náà. Ó wà ní Rijksmuseum títí di òní. Ti Ayaba Mary ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Edwin Lutyens ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1924. Omi tútù àti omi gbígbóná ń yọ nínú rẹ̀, iná mànàmáná ń tàn, àwọn òǹkọ̀wé ńlá bíi Arthur Conan Doyle sì kọ ìwé kéékèèké sí ilé ìkàwé rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley lọ́dún náà, ìpàtẹ tí Nàìjíríà náà ní àyè tirẹ̀. Windsor ló wà báyìí.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ fà yọ nínú èyí ni pé, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé olówó ṣe rí ní Amsterdam ní 300 ọdún sẹ́yìn, irú àga tí wọ́n ń jókòó lé, irú ìkòkò tí wọ́n fi ń se oúnjẹ, inú ilé kékeré yẹn ni yóò lọ wò. Àwọn tó ni ilé gidi ti kú tipẹ́, ilé kékeré ń jẹ́rìí wọn. Agboolé tiwa ńkọ́? Èló ló kù tí wọn kò tíì wó fi kọ́ ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì? Ta ló ń tọ́jú àpẹẹrẹ rẹ̀ fún àwọn ọmọ tí a bí sí ìhín?

Ẹ jẹ́ ká padà sí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò jù fún irú ilé yìí ni ọ̀kan nínú méjìlá. Ohun tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan nínú ilé gidi, íǹṣì kan ni nínú ilé kékeré. Ilẹ̀kùn tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 7 di íǹṣì 7. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 10 di íǹṣì 12 sí 10. Àwọn ọmọ tó ń sá fún ìṣirò nílé ìwé ló gba téèpù lọ́wọ́ wa, tí wọ́n ń wọn fèrèsé àti bẹ́ẹ̀dì ilé wọn, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Iṣẹ́ náà tún fẹ́ sùúrù. Èèyàn kì í kàn tú páálí kó fa gọ́ọ̀mù yọ. A ní láti kọ́kọ́ ka gbogbo pákó náà, kí a kọ nọ́ńbà sẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà a ó tò ó láìfi gọ́ọ̀mù sí i rárá, téèpù oníbébà la ó fi so ó, kí a lè mọ ibi tí kò bára mu. A ó tún tú u palẹ̀, a ó fi sánpépà ha etí rẹ̀. A ó kun ọ̀dà ìsàlẹ̀ sí i lójú méjèèjì. Ẹ fiyè sí i pé lójú méjèèjì ni a wí, nítorí pé ọyẹ́ Kánò kì í ṣeré: pákó fẹ́lẹ́ tí a bá kùn lójú kan ṣoṣo, yóò ká bí ewé gbígbẹ. Bí a bá fẹ́ iná nínú rẹ̀, wáyà ni yóò ṣáájú bébà ara ògiri. Bébà ara ògiri ni yóò ṣáájú àtẹ̀gùn, nítorí pé bí àtẹ̀gùn bá ti dúró, ọwọ́ kò ní í dé ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́. Òrùlé ló ń kẹ́yìn. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni a lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi iná yọ́, nítorí pé èyí tí iná yọ́, oòrùn oṣù kẹrin lè tún un yọ́.

Bàbá káfíńtà wa kan, ọmọ Ọ̀fà, ló jókòó ti àwọn ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí bàbá sọ fún wa dùn wá: ó ti pẹ́ tí òbí kankan nínú wa ti mú ọmọ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Gbogbo wa la fẹ́ kí ọmọ wa jókòó sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n bí fèrèsé wa bá yẹ̀, a ó máa wá oníṣẹ́ kiri. Lẹ́yìn iṣẹ́ yìí, ọmọkùnrin méjì nínú kíláàsì ń lọ bá bàbá ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé ìwé. Èyí nìkan tó ohun tí a lè fi dúpẹ́.

Ní ti ohun ọ̀ṣọ́ inú rẹ̀, a kò ra nǹkan kan. Ẹ̀gẹ́ aṣọ láti Kantin Kwari ni wọ́n fi ṣe kọ́tìnnì. Páálí ìṣáná di àpótí aṣọ, ìdérí ìgò di abọ́, èékù ẹní di ẹní tí wọ́n tẹ́ sí yàrá. Ọmọ tó bá lè fi ohun tí a fẹ́ dà nù ṣe nǹkan, ebi kò ní í tètè pa á.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká dá àwọn tó ń bínú lóhùn, nítorí pé àgbà ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ṣe é gbé jù sẹ́yìn.

Àwọn àkọ́kọ́ ní ọ̀rọ̀ ère ni. Ẹ̀rù wọn yé wa. Nílẹ̀ wa, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, wọn a máa gbẹ́ ère rẹ̀, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a sì máa fún un lóúnjẹ. Ẹni tó ti di Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì kò fẹ́ kí ohun tó jọ ọ́ wọlé òun. Ṣùgbọ́n eré yàtọ̀ sí ìbọ. Hadith tí Bukhari àti Muslim gbà wá sọ fún wa pé Aisha, aya Ànábì, máa ń fi ọmọláńgidi ṣeré lọ́dọ̀ Ànábì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa wá bá a ṣeré. Pẹ̀lú ìyẹn náà, nítorí àlàáfíà, a kò fi èèyàn kankan sínú ilé náà. Ilé ni, kò sí ọmọláńgidi nínú rẹ̀.

Àwọn kejì ní eré obìnrin ni. A fẹ́ bi wọ́n: àwọn bíríkìlà, àwọn káfíńtà àti àwọn tó ń ya àwòrán ilé, obìnrin nìkan ni wọ́n bí? Bí ọmọkùnrin bá ń kọ́lé, tí ọmọbìnrin náà ń kọ́lé, kí ló burú ńbẹ̀?

Àwọn kẹta ní owó ẹgbẹ́ kò tó fún òkú sísin àti ìrànlọ́wọ́ aláìsàn, áḿbọ̀sìbọ́sí eré. Òótọ́ ni pé owó ẹgbẹ́ kò tó. Àmọ́ ọ̀fẹ́ ni páálí náà wá, gọ́ọ̀mù àti ọ̀dà nìkan la rà. Èyí tí a ń gbèrò báyìí kò sì ní í ná wa tó ìyẹn pàápàá.

Ọ̀rọ̀ tó gba omi lójú wa jù kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Ilé inú páálí náà, ilé Gẹ̀ẹ́sì ni. Òrùlé rẹ̀ ga sókè ṣóńṣó nítorí yìnyín, ihò ìdáná wà nínú pálọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ń yáná nígbà òtútù. Àwọn ọmọ ń bi wá ohun tí ihò náà wà fún. Nígbà tí wọ́n parí rẹ̀, a ní kí olúkúlùkù fi páálí lásán kọ́ ilé bàbá rẹ̀. Ọmọ 14 ló kọ́ ọ. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó kọ́ ilé tó wà ní Ọ̀fà, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìwó tàbí ní Ìbàdàn. Ilé Sabon Gari ni gbogbo wọn kọ́: yàrá tó dojú kọra wọn, ọ̀nà gígùn láàrin, ṣáláńgá lẹ́yìn, jẹnẹrétọ̀ lábẹ́ fèrèsé.

Àwọn àgbà kan bínú. Wọ́n ní àwọn ọmọ ti gbàgbé ilé. Èrò tiwa ni pé èèyàn kì í gbàgbé ohun tí kò mọ̀ rí. Ohun tí ojú rí ni ọwọ́ ń ṣe. Àwọn baba wa ti ń bá ọkọ̀ ojú irin wọ Kánò láti 1911 wá, ọmọ wọn bímọ síbí, ọmọ ọmọ wọn bímọ síbí. Gbogbo wa la ń forí fọrùn ṣe kí a lè kọ́lé sí ìlú wa. A kọ́ ọ tán, a tì í pa, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò. Ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì nìkan ni ọmọ fi ń rí i, ọjọ́ mẹ́ta péré, a ti tún wọ mọ́tò.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A máa ń rò pé ìwàkiwà nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò mọ ìyẹ̀wù yàtọ̀ sí àgbàlá, tí kò mọ yàrá tí wọ́n sin bàbá bàbá rẹ̀ sí, kí ni yóò mú un ṣiyèméjì lọ́jọ́ tí oníbàárà bá gbé owó wá? Ọmọ náà lè jẹ́ ọmọlúàbí pátápátá kó sì tà á, nítorí pé ilé àjèjì ni lójú rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Ọgbọ́n inú páálí náà ni kí a mú, kí a fi ilé inú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Nígbà ìsinmi gígùn tó ń bọ̀, a fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ ilé méjì. Ọ̀kan yóò jẹ́ agboolé, pẹ̀lú ojúde, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá, ìyẹ̀wù, ilé ìdáná, àká àti kànga, orúkọ ohun kọ̀ọ̀kan yóò sì wà lára rẹ̀. Èkejì yóò jẹ́ ilé Sabon Gari tí wọ́n mọ̀, nítorí pé a kò ní í kọ́ ọmọ láti máa tijú ilé tí wọ́n bí i sí. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a ó kó wọn lọ sí Gidan Makama, ilé àtijọ́ tó dojú kọ ààfin Ẹ́míà, kí wọ́n rí bí àwọn Háúsá tó gbà wá lálejò ṣe ń fi amọ̀ kọ́lé. Wọn yóò rí i pé zaure tí àlejò ń dúró sí kò jìnnà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tiwa. Bí ọmọ aládùúgbò wa tó jẹ́ Háúsá tàbí Íbò bá fẹ́ bá wọn ṣe é, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

A kò tọrọ owó. Páálí ni a fẹ́, rúlà, ẹ̀gẹ́ aṣọ, àti àgbà tí yóò jókòó fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé kó sọ bí ilé bàbá rẹ̀ ṣe rí. Ẹni tó bá sì ń lọ sílé nígbà ọdún, kó mú téèpù dání, kó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ìyẹ̀wù, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Wákàtí kan péré ni.

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dá ilé mọ̀, ibo ni yóò padà sí? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilé tí a kọ́ dúró, kó sì jẹ́ kí ọmọ tí yóò jogún rẹ̀ mọ̀ ọ́n ní orúkọ. Àmín. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.