Dúrọ́ọ̀mù Tó Ń Gba Síǹkì Lára Òjò

Òjò ò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa. Àmọ́ ní ìpínlẹ̀ Washington, l'Ámẹ́ríkà, ẹja ni òjò orí páànù ń yọ lẹ́nu. Síǹkì ni wọ́n fi ń bo irin páànù kó má baà dípẹtà. Òjò á máa fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ wọ odò. Ní ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ náà, bí síǹkì inú lítà kan omi òjò tó ń ṣàn jáde ní iléeṣẹ́ bá ti ju máíkírógíráámù 117 lọ, dandan ni kí iléeṣẹ́ náà wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ̀rọ ńlá tó ń yọ síǹkì kúrò nínú omi wọ́n. Ohun tí wọ́n ṣe ní èbúté Vancouver ti Washington, létí odò Columbia, ló wù mí. Wọ́n gbé dúrọ́ọ̀mù sábẹ́ ọ̀pá tí omi òrùlé ń gbà sọ̀kalẹ̀: òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, iyanrìn lé e, erùpẹ̀ tí wọ́n po mọ́ ajílẹ̀ lókè, èèpo igi bò ó, ewéko sì hù lórí ẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ pè é ní ìkòkò òdòdó. Ajílẹ̀ yẹn ló ń di síǹkì mú. Omi á gba ìsàlẹ̀ jáde, láìsí iná, láìsí ẹ́ńjìnnì.

Síǹkì ò kúkú pòórá o. Tí erùpẹ̀ inú dúrọ́ọ̀mù bá ti gba síǹkì yó, wọ́n á pààrọ̀ ẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ààtàn ló ṣeé dà á sí.